Ṣé Dọ́gbadọ́gba Náà Ni Òdodo?

Ọ̀rọ̀ ilé la mú wá lọ́dún yìí. Bí òbí bá kú, tí ọmọ kan wà ní Kánò, tí èkejì wà ní Àbújá, tí ẹ̀kẹta wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, báwo la ó ṣe pín ohun tó fi sílẹ̀ tí a ó fi lè sọ pé a ṣe òdodo? Ọ̀pọ̀ ló máa sọ pé kí a pín in dọ́gba. Bí àwa náà ṣe rò nìyẹn, kí Vespa bàbá wa tó kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Ẹ̀yin àgbà á rántí 1975, nígbà tí owó Udoji tẹ òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́. Àwọn kan fi tiwọn ra rédíò, àwọn kan fi ra fìríìjì. Bàbá wa fi tirẹ̀ ra Vespa. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ta tirẹ̀ fún un. Tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀fà náà ta tirẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ó di mẹ́ta. Ìyá wa a máa bi í bóyá ó fẹ́ ṣí ìsọ̀ alùpùpù, ẹ̀rín ló sì fi ń dá a lóhùn. Ọ̀kan ló ń gùn. Àwọn méjì tó kù wà lábẹ́ tapólì, ibẹ̀ ló ti ń yọ ohun tí kò rí rà lọ́jà mọ́.

Ẹni tó bá mọ Vespa mọ̀ pé ọ̀tún àti òsì rẹ̀ kò rí bákan náà. Corradino D'Ascanio, onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfurufú, ló ya àwòrán rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Piaggio ní Ítálì, ó sì jáde ní 1946. Kò gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí àárín bíi ti alùpùpù yòókù. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún táyà ẹ̀yìn ló gbé e sí, tí kò fi nílò ṣéènì. Táyà iwájú náà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni irin ti dì í mú, bíi ti bàálù. Bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀yìn, ẹ ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì róbótó tó jọra bí ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí wọn wò: ẹ́ńjìnnì ló wà nínú ti ọ̀tún, nínú ti òsì ẹ ó bá irinṣẹ́, tàbí táyà sípíà nínú irú mìíràn.

Nítorí náà, ó máa ń fẹ́ fà sí ọ̀tún. Bí bàbá wa bá ń gbé wa lọ sílé ìwé, ẹni tó kéré jù a dúró níwájú láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀. Òsì ló máa ń gbé àpò wa kọ́ sí. Bí a bá gbé e sí ọ̀tún, á yọ ọ́ láìsọ̀rọ̀, á dá a padà sí òsì. Òun fúnra rẹ̀ a sì sún sí òsì díẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa sọ pé bàbá wa jókòó wọ́. Wọn kò rí i pé ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ tààrà.

Irú ọgbọ́n yìí wà níbòmíràn. Lórí àwọn òkè tí yìnyín bò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn ń dúró ní ìbú lórí pátákó, wọn a fi yọ̀ wálẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ á kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, gìgísẹ̀ á wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Agbára méjèèjì kò rí bákan náà, nítorí náà àwọn oníṣẹ́ kan mọ̀ọ́mọ̀ gé ẹ̀gbẹ́ pátákó náà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí yíyí sọ́tùn-ún àti sósì lè rọrùn bákan náà. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ a máa kó o jọ, bí bàbá wa ṣe kó Vespa jọ.

Nígbà tí bàbá wa kú, ọmọ mẹ́rin ló fi sílẹ̀, pẹ̀lú Vespa mẹ́ta. Àwa ọkùnrin mẹ́ta tí a ti fọ́n ká sọ pé kí a tà wọ́n, kí a pín owó náà ní orí-ò-jorí. Àbúrò wa obìnrin, tó dúró ti bàbá wa ní Sabon Gari, kò sọ nǹkan kan. Ọdún mẹ́fà ló fi Vespa náà gbé bàbá lọ gba oògùn. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gùn ún lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á, a jókòó ṣánṣán sí àárín. Ní ìyànà Church Road, díẹ̀ ló kù kí a ṣubú. Ó pè wá láti ẹ̀yìn: “Bùọ̀dá, ẹ sún sí òsì díẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Ta ló ti ń sún sí òsì nínú ilé wa láti ọdún mẹ́fà?

A gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Òun ló ń gùn wọ́n, bí a bá sì pín wọn, a ti bà wọ́n jẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan kò tíì gbà. Ó ní bí a bá ń wo iṣẹ́ tí oníkálukú ṣe, ìjà kò ní tán nílé, pé dọ́gba ló ń pa ẹnu mọ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n dọ́gba wo? Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, ọmọ mẹ́sàn-án ti ìyá mẹ́rin ń du ogún bàbá wọn. Ní 1962, Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù dá a sí ìdí-igi. Ẹni tó ní ìdí-igi sọ pé òun pín in dọ́gba, ìyá sí ìyá. Ẹni tó ní orí-ò-jorí náà sọ pé òun pín in dọ́gba, ọmọ sí ọmọ. Dọ́gba nìkan kò tó láti fi mọ òdodo. A ní láti béèrè ibi tí ẹrù wà.

Ìṣọ́ra kan wà níbẹ̀ o. Ẹni tó bá sún jù á ṣubú sí òsì. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tí yóò jèrè ni kí ó sọ pé ẹrù wà lọ́dọ̀ òun. Àwa tí a ó pàdánù ni kí a sọ ọ́. Bí a kò bá sọ ọ́, ojú á ti àbúrò wa láti sọ ọ́, a ó sì máa pe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ní ìtẹ́lọ́rùn.

Ẹ̀yin ará, ìka ọwọ́ kò dọ́gba, ṣùgbọ́n a kì í fi ọ̀kan ṣòfò. Bí ẹ bá délé lẹ́yìn àjọ̀dún yìí, ẹ wo ẹni tó ń gbé ẹrù ilé yín, kí ẹ sún díẹ̀. Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ kí ogún tú ilé wa ká. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.