Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ àti Odidi Rẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ojú ni ìyá mi fi ń bá mi sọ̀rọ̀ bí àlejò bá wà nílé. Bí ó bá ti ṣẹ́jú sí mi, mo mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹran tí àlejò fi lọ̀ mí. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe tọ́ àwọn ọmọ tèmi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àkọ́bí mi fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, ìmọ̀ òfin ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Mo wojú rẹ̀, ó dákẹ́. Mo ka ìdákẹ́ náà sí àmì pé ó gbà. Ọdún 3 kọjá kí ó tó sọ fún mi pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni òun fẹ́ kọ́. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, ‘Bàámi, ẹ kò bi mí.’

Ojú lè pàṣẹ, kò lè gba ìmọ̀ràn. Ohun tí tọmọtòbí ti jọ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lè di odidi lé lórí. Ọjọ́ ọ̀la tí ẹnikẹ́ni kò tí ì rí ń fẹ́ odidi ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ọgbọ́n ọmọdé àti ti àgbà ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, ta ni ó wá yọ ọmọdé kúrò nínú ìpèrò ilé? N kò ní kí ọmọ máa pàṣẹ fún bàbá. Ẹni tí a fẹ́ gbé ẹrù rù ni mo ní kí a kọ́kọ́ bi bóyá ọrùn rẹ̀ gbà á.