ṢÚN OWÓ NÁ, ṢÙGBỌ́N MÁ ṢE AHUN

Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn ìdílé, lórí owó àwòrán
Bíbélì kíkà: Òwe 20:14, Jòhánù 6:5–13, Jákọ́bù 5:4

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó kó wa jọ ní Jahi yìí, lórí ilẹ̀ àwọn ará wa Gbàgyí, àwa tí a ti Ìbàdàn, Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin wá, tí ó sì jẹ́ kí a máa fi èdè tí ìyá wa fi tọ́ wa sìn ín. Ìkórè ń bọ̀, Kérésìmesì ń tẹ̀ lé e. Àkókò tí àwọn ìdílé máa ń wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n sì máa ń ya àwòrán, ni èyí.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí yín. Ọ̀rọ̀ owó fọ́tò ni. Ẹlòmíràn yóò ní, kí ni ti fọ́tò nínú ìwàásù? Ìdáhùn wa ni pé ibi tí ènìyàn bá ti ń ná owó kékeré ni ìwà rẹ̀ ti ń hàn jù. Ẹ ti rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn: ìdílé á tò, bàbá láàárín, ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ níwájú. Onífọ́tò á yà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní ọmọ kan dijú, kí ó tún un yà. Á tún un yà. Wọ́n á ní kí ó ya ìyá nìkan, kí ó ya bàbá nìkan, kí ó ya àwọn ọmọ nìkan. Nígbà tí ó bá kan owó sísan, ohùn á yí padà: “Àbúrò, ṣé o fẹ́ pa wá ni? Ṣé ìjọ kan náà kọ́ ni wá?” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà á wo ilẹ̀, á gba ohun tí wọ́n fún un, á sì máa lọ. Ẹni tí ó san án yóò sọ fún aya rẹ̀ pé òun mọ owó ṣọ́. Ǹjẹ́ owó ni ó ṣọ́, àbí ọmọnìkejì rẹ̀ ni ó rẹ́ jẹ?

Ẹ̀KÍNÍ: ỌLỌ́RUN FẸ́ KÍ A ṢÚN OWÓ NÁ.

Olúwa wa fi ìṣù àkàrà márùn-ún àti ẹja méjì bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin. Ẹni tí ó lè sọ díẹ̀ di púpọ̀ báyìí, òun kan náà ni ó pàṣẹ kí a ṣa àjẹkù jọ kí ohunkóhun má bàa ṣòfò, agbọ̀n méjìlá sì kún. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹni tí ń ṣírò owó ṣe ẹlẹ́yà. Àwa tí a ń gbé Abuja mọ bí nǹkan ti rí. Ní May 29, 2023 ni a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Ní June ọdún náà ni a tú náírà sílẹ̀ lọ́jà dọ́là, tí iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Nígbà tí a fi òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jù di ₦70,000 ní July 2024, ọjà ti ṣáájú rẹ̀ lọ jìnnà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń san owó ilé, owó ilé-ìwé ọmọ àti owó ọkọ̀ lọ sí Sẹkitéríàtì lójoojúmọ́, bí ó bá ní òun kò lè ra àwòrán ńlá onífírémù, òtítọ́ ni ó sọ. Àwọn àgbà wa ti wí pé, Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Jésù náà sọ nínú Lúùkù 14:28 nípa ẹni tí ń jókòó ṣírò iye tí yóò ná a kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan nínú ìtàn àkàrà náà. Ìgbà tí gbogbo ènìyàn ti jẹ, tí wọ́n ti yó, ni Olúwa tó sọ̀rọ̀ àjẹkù. Kò fi ebi pa ẹnikẹ́ni kí agbọ̀n lè kún. Níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà.

ÈKEJÌ: ÌYÀTỌ̀ LÁÀÁRÍN ẸNI TÍ Ń ṢÚN OWÓ NÁ ÀTI AHUN.

Ẹni tí ń ṣún owó ná a máa fi nǹkan du ara rẹ̀. Ahun a máa fi nǹkan du ẹlòmíràn. Èkíní á wí pé, “Owó àwòrán mẹ́ta ni ó wà lọ́wọ́ mi, mẹ́ta ni kí o yà.” Ahun á jẹ́ kí a ya ogún, á san owó mẹ́ta, á sì fi fóònù rẹ̀ ya mẹ́tàdínlógún yòókù lórí kámẹ́rà onífọ́tò nígbà tí onítọ̀hún bá yíjú. Àmì mẹ́ta ni a fi lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Àmì kìíní ni ìgbà tí a ń ná ọjà. Ẹni tí ó mọ owó ṣọ́ a máa ná an kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí onífọ́tò ṣì lè wí pé òun kò ṣe. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ẹ̀yin oníṣòwò Wuse àti Utako mọ̀ pé ọjà tí a kò ná kò dùn. Ahun a máa ná an nígbà tí iṣẹ́ ti parí, tí a kò lè dá àwòrán padà sínú kámẹ́rà mọ́. Ìwé Òwe 20:14 sọ nípa irú oníbàárà yìí: ó ń bú ọjà nígbà tí ó ń rà á, ó sì ń yangàn nígbà tí ó bá kúrò níbẹ̀. Òní náà ni ó ń ṣẹlẹ̀. Á ní ojú òun dúdú jù, á ní gèlè ìyàwó òun kò hàn, á fi ẹ̀sùn yẹn gé owó. Kò tíì dé Gwarinpa tí ó fi gbé àwòrán kan náà sí orí WhatsApp kí gbogbo ayé wá kí i.

Àmì kejì ni ibi tí owó yòókù ń lọ. Ẹni tí ó ń ṣún owó ná, bákan náà ni ó ń ṣe sí gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá ra aṣọ ẹbí olówó iyebíye láì jiyàn, tí a san owó ẹni tí ó wé gèlè, tí a pín ìrẹsì àti ẹran kárí, tí ó wá jẹ́ pé lọ́dọ̀ onífọ́tò nìkan ni a ti rántí pé ayé le, kì í ṣe ayé ni ó le. Ọwọ́ wa ni ó há sí ẹni tí kò lè bá wa jà.

Àmì kẹta ni ẹni tí ó ń jìyà rẹ̀. Jákọ́bù sọ pé owó alágbàṣe tí a dá dúró ń ké, igbe rẹ̀ sì dé etí Olúwa. Òfin Mósè nínú Léfítíkù 19:13 kò gbà kí owó ọ̀yà alágbàṣe sùn mọ́ wa lọ́wọ́ di òwúrọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni a kà sí ẹ̀ṣẹ̀. Kí ni a ó wí nípa owó ìkórè èṣí?

Ẹ̀KẸTA: KÍ NI A Ń SANWÓ FÚN?

Àwọn kan ní, “Ṣebí ó kàn tẹ bọ́tìnì ni.” Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹ rí, ẹ kò rí òru. Òkè òkun ni kámẹ́rà ti ń wá, bẹ́ẹ̀ ni bébà tí a fi ń tẹ àwòrán. Dọ́là ni a fi ń rà wọ́n. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ amúnáwá ni yóò tan, pẹ̀lú epo iye tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ̀yin ti sùn nígbà tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí ó ń tún ojú ọmọ yín ṣe. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji.

Kì í sì í ṣe iṣẹ́ àjèjì láàárín wa. Ní 1895 ni George Da Costa, ọmọ Èkó tí ó ti ń bójú tó ilé ìtàwé ìjọ C.M.S., fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, tí ó di onífọ́tò. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ Yorùbá ni ó gbé iṣẹ́ yìí kiri ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Benin, Togo, Niger, Côte d’Ivoire àti Mali. Ọ̀kan nínú wọn ni Tijani Sitou, ọmọ Ṣakí, tí ó ṣí lọ sí ilẹ̀ Mali, tí ó sì ṣí ilé ìyàwòrán rẹ̀ ní ìlú Mopti ní 1971. Àlejò ni ní ìlú onílùú gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì fi gbọ́ bùkátà. Ẹni tí ó bá rẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ lónìí ní Jahi, kí ó rántí pé ọmọ ti òun náà lè wà ní ìlú òkèèrè, níbi tí oníbàárà ti ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀KẸRIN: OHUN TÍ AHUN Ń PÀDÁNÙ.

Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, kọ̀wé ní 1978 lórí bí àwọn onífọ́tò ti ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó sọ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò a máa ya èyí tí ó wà láyé, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pa pọ̀. Bí èyí tí ó lọ bá jẹ́ obìnrin, tí èyí tí ó kù jẹ́ ọkùnrin, a ó wọ aṣọ obìnrin fún un, a ó tún un yà. Ẹ ro ìyá tí ó mú ọmọ kan ṣoṣo wá síbẹ̀, tí ó ń sanwó fún ojú ọmọ méjì. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òfò.

Nísinsìnyí, ẹ wo ìhà kejì. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ti gbé ìwé ètò ìsìnkú lọ́wọ́, tí ẹ rí i pé àwòrán olóògbé kò mọ́, tí èjìká ẹlòmíràn ṣì hàn létí rẹ̀? Inú fọ́tò ayẹyẹ oníyàwó kan ni wọ́n ti gé e jáde. Tàbí kí ó jẹ́ àwòrán inú káàdì ìdánimọ̀, níbi tí màmá ti fajú ro. Àwọn ọmọ tí ń wá àwòrán kiri ní ọjọ́ yẹn, wọn kò ní bá ẹnikẹ́ni ná ọjà mọ́. Iyekíye ni wọn ìbá san. Ṣùgbọ́n ọjà ti tú. Àwọn ọmọ wa tí a bí ní Abuja, tí wọn kò mọ ọ̀nà ilé ìyá àgbà, kí ni a ó fi hàn wọ́n?

Nínú Jòhánù orí 12, Màríà da òróró ìkunra olówó iyebíye sí ẹsẹ̀ Jésù. Júdásì ni ó ṣírò rẹ̀ sí ọ̀ọ́dúnrún owó idẹ, tí ó ní ìbá sàn kí a tà á fún àwọn tálákà. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ owó ṣọ́, olè sì ni. Olúwa ní kí wọ́n fi obìnrin náà sílẹ̀, nítorí ọjọ́ ìsìnkú Òun ni ó ń ṣe é sí. Nígbà tí ẹni tí ó fẹ́ràn ṣì wà láyé ni ó ṣe ohun tí ó lè ṣe. Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn.

Ẹ̀KARÙN-ÚN: OHUN TÍ A RỌ̀ YÍN LÁTI ṢE.

1. Ẹ jókòó nílé, tọkọtaya, kí ẹ fi ẹnu kò sí iye tí agbára yín ká, kí ẹ tó pe onífọ́tò. Ẹ sọ iye náà fún un láìfi bò, kí ẹ sì fetí sí iye tirẹ̀.

2. Bí owó kò bá tó, ẹ dín iye àwòrán kù. Ẹ má ṣe dín owó iṣẹ́ tí a ti ṣe tán kù. Àwòrán kan tí a san owó rẹ̀ pé sàn ju mẹ́wàá tí èpè wà lórí rẹ̀.

3. Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè pa owó pọ̀, kí ẹ dá ọjọ́ kan fún onífọ́tò. Yóò wá lẹ́ẹ̀kan, yóò gbé iná rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nípa bẹ́ẹ̀ yóò lè dín owó fún yín láìpa ara rẹ̀ lára.

4. Ẹ kọ́kọ́ ya bàbá àgbà àti ìyá àgbà. Aṣọ tí wọ́n ní tó. Ẹ tẹ àwòrán náà sórí bébà, nítorí fóònù a máa sọnù, a sì máa bọ́ sómi. Ẹ kọ orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀.

5. Ẹni tí ẹ kò bẹ̀ níṣẹ́, ẹ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹ fi ọ̀yàyà sọ fún un pé rárá kí ó tó yà yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró, tí ó tún fìlà ṣe, tí ó sì rẹ́rìn-ín, ó ti bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin onífọ́tò tí ẹ wà láàárín wa, ẹ̀yin náà, ẹ dá owó kí ẹ tó yà, ẹ má ṣe wo bí aṣọ ènìyàn ti tó láti fi bu owó lé e, kí ẹ sì mú iṣẹ́ wá ní ọjọ́ tí ẹ dá. Owó tí a gbà tí iṣẹ́ kò dé, ìrẹ́jẹ ni òun náà.

Níkẹyìn, Olúwa kọ́ wa nínú Mátíù orí 5 pé bí a bá mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ, tí a rántí pé arákùnrin wa ní ohun kan sí wa, kí a fi ọrẹ sílẹ̀, kí a kọ́kọ́ lọ bá a parí ọ̀rọ̀. Ìkórè ti dé tán. Ẹni tí ó bá ṣì jẹ onífọ́tò ní owó, kí ó wá a lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó san án pé, kí ó tó di agbọ̀n ìkórè rẹ̀. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí àjẹkù ṣòfò, tí kò sì jẹ́ kí ebi pa ẹnikẹ́ni lórí koríko ọjọ́ náà, yóò fún wa ní ọgbọ́n láti ṣọ́ owó àti ọkàn tí ó mọ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.