Àwòrán Tòótọ́, Ọjà Èké

Ẹ̀tàn nínú títa aṣọ lórí ayélujára kì í sábà ti orí irọ́ bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò ló fi ń bẹ̀rẹ̀, fọ́tò náà sì lè jẹ́ òtítọ́: aṣọ inú rẹ̀ wà lóòótọ́, ẹnì kan ló rán an, ẹnì kan ló wọ̀ ọ́ tí wọ́n fi yà á. Àmọ́ kì í ṣe aṣọ yẹn ni ẹni tó gbé fọ́tò náà sórí Instagram fẹ́ tà.

Ní Warri, ìgbà òkú ṣíṣe ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dunni jù. Ìparí ọ̀sẹ̀ ni ayẹyẹ sábà máa ń bọ́ sí, ẹbí á sì ti yan àwọ̀. Ẹni tí kò ráyè yí ọjà Igbudu ká, tí kò sì lè dúró de télọ̀, á yan gáùn léèsì kan lórí fóònù, á san owó sí àkáǹtì ẹni tí kò rí rí, wọn á sì ní aṣọ ń bọ̀ láti Èkó. Ní páàkì ní Effurun, á san owó wébìlì kí wọ́n tó yọ̀ǹda ẹrù fún un. Ó tú ọ̀rá, ó bá léèsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú ń là kọjá. Òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán nínú fọ́tò, gúlù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ìdajì rẹ̀ sì ti ré sínú ọ̀rá. Apá ọ̀tún gùn ju ti òsì lọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti sọ irú èyí di ẹ̀fẹ̀: wọ́n á to fọ́tò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun tí wọ́n sanwó fún àti ohun tó dé. Ẹ̀rín náà tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó máa ń bo ìbéèrè kan mọ́lẹ̀: bí fọ́tò kò bá parọ́, níbo gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ wà?

Ìbéèrè náà ti pẹ́. Ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù, Cicero ará Róòmù sọ ìtàn kan nínú ìwé rẹ̀ De Officiis. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Canius fẹ́ ra ọgbà ìgbafẹ́ ní Syracuse. Pythius, tó ń ṣòwò owó yíyá, ní òun kò ta ọgbà tòun, àmọ́ kó wá bá òun jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó wá lọ bá àwọn apẹja pé iwájú ọgbà òun ni kí wọ́n ti wá pẹja. Nígbà tí Canius dé, ọkọ̀ ojú omi ti kún iwájú ọgbà bámúbámú, apẹja kọ̀ọ̀kan ń da ẹja sílẹ̀ níwájú onílé. Ojú Canius wọ ọgbà náà, ó bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi tà á fún un ní iye tó wu Pythius. Nígbà tó tún padà wá lọ́jọ́ kejì, kò rí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ó bi aládùúgbò rẹ̀ léèrè bóyá ọjọ́ ìsinmi àwọn apẹja ni. Ìyẹn ní ẹnikẹ́ni kì í pẹja níbẹ̀, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá gan-an ya òun lẹ́nu. Pythius parọ́ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ló ta ọgbà náà. Ohun tí Canius fojú ara rẹ̀ rí ló tà á.

Bákan náà ni ẹni tó fi pínnì ká aṣọ lẹ́yìn kó lè mú ara dáadáa níwájú kámẹ́rà. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ojú olùrà ló fi sọ ọ́.

Èrò Yorùbá lè tan ìmọ́lẹ̀ síbí yìí. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jọ kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Yunifásítì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Èkìtì. Ohun tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ ló di ìwé Knowledge, Belief and Witchcraft ní 1986. Àwọn oníṣègùn náà là á mọ́lẹ̀ pé ohun tí ènìyàn bá fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó lè ní òun mọ̀. Èyí tó bá gbà lẹ́nu ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ olùkọ́ tàbí ìwé, ìgbàgbọ́ ni, títí yóò fi dán an wò. Fọ́tò dà bí ohun tí a rí, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n sọ fún ni ni. Ojú ọlójú ni kámẹ́rà, ojú ọlójú kò sì jọ ojú ẹni. Ẹni tó wà lọ́jà á fọwọ́ pa aṣọ, á yí inú rẹ̀ síta, á fa òwú rẹ̀ wò, á sì wo ojú ẹni tó ń tà á, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó wà nídìí fóònù kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, síbẹ̀ ó ń ṣe bí ẹni tó ti rí i. Nítorí náà, ohun tí oníjìbìtì kọ́kọ́ jí ni ìdájọ́ olùrà. Owó ló tẹ̀lé e. Olè fipá mú nǹkan lọ́wọ́ ẹni, àmọ́ ìfẹ́ inú ẹni gan-an ni ẹlẹ́tàn fi ń gbà á.

Àwọn kan á ní olùrà ló jẹ̀bi, wọ́n á pòwe pé òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Òwe náà bá a mu dé ìwọ̀n kan: ẹni tó rí gáùn léèsì ní iye tí kò tó owó ìránṣọ, ó yẹ kó fura. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi méjèèjì kì í ṣe irú kan náà. Àìfura jẹ́ àìgbọ́n; ẹ̀tàn jẹ́ àìníwà. Ẹni tó gbàgbé ilẹ̀kùn ní ṣíṣí kò sọ olè di aláìlẹ́ṣẹ̀.

Àwọn ẹ̀sìn kò fọ̀rọ̀ falẹ̀ lórí èyí. Nígbà tí Ànábì Muhammad dé Medina, ó bá àwọn èèyàn níbẹ̀ tí wọ́n ń san owó dábínù sílẹ̀ kó tó so. Kò dá wọn lẹ́kun. Ó ní kí òṣùwọ̀n, ìwúwo àti ọjọ́ rẹ̀ ṣáà ti di mímọ̀. Nínú ìlànà Maliki, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Yorùbá ń tẹ̀ lé, ọjà tí a kò rí ṣeé fi àpèjúwe rà. Tó bá bá àpèjúwe mu, ó di dandan fún olùrà, tí kò bá bá a mu, ó lè dá a padà. Hadiisi mìíràn sún mọ́ ọ̀rọ̀ fọ́tò jù bẹ́ẹ̀ lọ: Ànábì ki ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ìka rẹ̀ kan omi nísàlẹ̀. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn èèyàn lè rí i. Nínú Bíbélì, Léfítíkù 19 àti Òwe 11 bínú sí òṣùwọ̀n èké. Lóde òní, fọ́tò ni òṣùwọ̀n aṣọ.

Ìgbẹ́kẹ̀lé láàárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà kì í ṣe ohun tuntun ní agbègbè Warri. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Òyìnbó máa ń gbé ọjà fún àwọn Iṣẹ̀kírì láwìn, àwọn yẹn á sì lọ fi ra epo pupa lọ́wọ́ àwọn Urhobo ní ìgbèríko. Olóyè Nana Olomu, tó jẹ́ gómìnà Odò Benin láti 1884 títí di 1894 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi pa Ebrohimi, ìlú rẹ̀, run, di olówó ńlá nínú òwò yìí. Wàhálà àti ìjà kò wọ́n níbẹ̀, àmọ́ orúkọ àti ilé olúkúlùkù ni a mọ̀, ẹni tó bá jẹ gbèsè sì mọ̀ pé ọkọ̀ á tún padà wá. Ẹni tó lè pa ojú ìwé Instagram kan rẹ́ lónìí, kó ṣí òmíràn lọ́la, kò ní irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀.

Ó ku ti ọlọ́jà tó ní wọ́n tan òun náà jẹ. Ọ̀pọ̀ wọn kò fọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n ń polówó rí; fọ́tò tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń gbé kiri. Thomas Aquinas, àlùfáà ọ̀rúndún kẹtàlá, gbà pé ẹni tó ta ohun tó lábùkù láìmọ̀ kò dẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti mọ̀, dandan ni kó ṣe àtúnṣe fún olùrà. Ìyẹn dára, àmọ́ kò gba gbogbo wọn là. Ẹni tí kò rí aṣọ, tó wá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé ojúlówó ni, mọ̀ pé òun kò mọ̀. Àkọlé pé “kò sí owó dídápadà” kò sì lè gbà á sílẹ̀: òfin ààbò oníbàárà ti 2018, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, ka àpèjúwe tó ń ṣini lọ́nà léèwọ̀, ó sì fún olùrà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe mu padà. Àjọ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni à ń fẹjọ́ sùn.

Owó aṣọ, owó wébìlì, owó télọ̀ tó bá olùrà gé apá rẹ̀ dọ́gba, gbogbo rẹ̀ ṣeé kà, ó sì ṣeé san. Sátidé òkú tó ti kọjá ni kò ṣeé dá padà. Ní ti ìyẹn, ẹ̀bẹ̀ ni gbèsè tó wà lọ́rùn ọlọ́jà, ẹni tí wọ́n tàn jẹ ló sì láṣẹ láti gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́.