Ta Ni Kò Mọ̀?

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tó ké lánàá ló pa ọmọ jẹ?" Ohun tí òwe yìí sọ síta kò ju méjì lọ: igbe àná àti ikú òní. Èyí tó gbé pamọ́ sábẹ́ wọn ló pọ̀.

Ó ti gbà pé àjẹ́ ló ké. Ta ló rí i? Òwìwí tó ń dẹ eku náà ń ké lóru. Ó gbà pé igbe ń pani. Ó sì tún gbà pé ara ọmọ náà dá ṣáṣá kí igbe ọ̀hún tó dún, ibí yìí ló sì ti ń ṣini lọ́nà jù. Ká ní ibà ló pa ọmọ náà. Ní 1897, ní Íńdíà, Ronald Ross fojú rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Bí irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀ bá jẹ ọmọ, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 10 sí 15 kí ara rẹ̀ tó gbóná. Ikú òní ti wọlé tipẹ́ ṣáájú igbe àná.

"Ta ni kò mọ̀" gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó bá dáhùn pé òun ò mọ̀, wọn á ní ó ń gbè lẹ́yìn àjẹ́. Ìyá arúgbó tó ń dá gbé, tó jágbe mọ́ ọmọ náà lánàá torí omi tó dànù, ti di apànìyàn nìyẹn.

N kò ní ká ju òwe náà nù o. Bí ẹnìkan bá lérí pé òun á dáná sun oko ẹnìkejì, tí oko sì jó mọ́jú, ó yẹ ká pè é kó wá sọ ibi tó sùn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká pè é ni mo wí. Abala 36 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sí aláìjẹ̀bi títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Abala 210 Criminal Code sì ka pípe ẹlòmíràn ní àjẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè múni ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2.

Kí wọ́n tó lọ kan ilẹ̀kùn ìyá arúgbó yẹn, kí wọ́n rọra bi àwọn ará ilé ọmọ: ìgbà wo ni ara rẹ̀ ti ń gbóná? Ṣé abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ló ń sùn? Ta ló tún ń sùn ní yàrá kan náà? Ẹ̀fọn lè ti jẹ àbúrò rẹ̀ náà, ilé ìwòsàn sì ṣì lè gba tirẹ̀ là.