Ṣé Ẹni Tó Ti Yan Orí Tún Ń Wá Ètò?

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nígbà tí baba rẹ̀ kú ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1920. Ó ṣe tíṣà, ó tẹ taipu, ó ṣe oníròyìn, ó ṣòwò kòkó, ó fi ọkọ̀ èrò ṣòwò, gbèsè sì dá a dúbúlẹ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, òfin ló ń wù ú kọ́. Ó di 1944 kó tó dé London, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, ó ti láya, ó ti bímọ. Hannah, aya rẹ̀, ló ń ṣòwò gbé ilé ró. Ní November 1946 ló di agbẹjọ́rò.

Ará Rẹ́mọ, ilẹ̀ tí Ìkẹ́nnẹ́ wà, á gbọ́ èyí, á ní: "Orí rẹ̀ ló gbé e débẹ̀." Ó dáa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orí ló ṣe é, kí la tún ń pe ọ̀dọ́ jókòó sí, pé kó kọ ohun tó fẹ́ dà lọ́dún márùn-ún sílẹ̀?

Ọ̀pọ̀ rò pé Ifá ti dá ẹjọ́ yìí: àyànmọ́ ò gbóògùn, ó parí. Ifá ò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú odù Ogbègúndá, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ń lọ yan orí nílé Àjàlá Alámọ̀, tó ń fi amọ̀ mọ orí. Orísẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè ò yà sọ́dọ̀ baba wọn, wọn ò sì bá Àjàlá nílé. Wọ́n mú orí tó dára lójú, òjò pa á lọ́nà, ó sì rún dànù. Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà baba rẹ̀, ó rúbọ, ó gbé iyọ̀ àti owó dání. Lọ́nà, ó bá oníbodè tó ń fi eérú sebẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí i. Oníbodè tọ́ ọ wò, ẹnu yà á, ló bá sìn ín lọ sílé Àjàlá, tó sá sórí àjà nítorí olówó tó wá sin gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá wá mú ọ̀pá irin, ó gbá orí kan, ó fọ́. Ó ń gbá wọn lọ títí ó fi kan èyí tí kò fọ́.

Yíyàn orí fúnra rẹ̀ gba ìmúrasílẹ̀, ó gba ìmọ̀ràn àgbà. Àjàlá ò sì sọ fún Afùwàpẹ́ ohun tó máa fi orí ṣe láyé; ó bá a dán an wò ni.

Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ náà, ò tilẹ̀ gba Ọlọ́run gbọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti orí. Síbẹ̀, nílé ẹ̀kọ́ Mayflower tó dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1956, ọwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kan ọkọ́ àti àdá. Onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́ ò jọ gbàdúrà, ṣùgbọ́n wọ́n pàdé níbi iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan gbogbo èèyàn ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Ní Ibido ní Ṣágámù, bíi ti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ìwé àdéhùn ọmọ iṣẹ́ máa ń ní iye ọdún àti owó ìkọ́ṣẹ́. Ohun tí ọmọ fẹ́ dà kì í sábà sí níbẹ̀. Ọ̀gá télọ̀ tó bá bínú pé aṣọ ìyàwó ló wu ọmọ láti máa rán, nígbà tí òun ń rán agbádá, orí tirẹ̀ ló fẹ́ gbé ka ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Kó mú ọ̀pá Àjàlá dípò ìbínú: ta ni yóò ra ẹ̀rọ? Èló lo ń tọ́jú lọ́sẹ̀? Ṣé o ti lè gé aṣọ láìsí pé mo dúró tì ọ́? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sẹ́yìn ìwé àdéhùn yẹn, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún títí di ọjọ́ frídọ̀ọ̀mù.