Aya Tí A So Rọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ gbọ́ ìtàn Ingeborg, ọmọ ọba Denmark. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1193, Philip Kejì, ọba Faransé, gbé e níyàwó. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọba ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ̀sìn wọn kò gba ìkọ̀sílẹ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ọba bá purọ́ pé ó bá ìyàwó rẹ̀ tó ti kú tan. Ọmọbìnrin náà, tí kò gbọ́ èdè Faransé, kọ̀ jálẹ̀, ó ké pe Póòpù ní Róòmù. Ọba fi í sí àhámọ́, ó fẹ́ Agnes ní 1196. Ọdún 1213 ni ó tó dá a padà sípò ayaba.

Ṣé àìfẹ́ràn ni ẹ̀ṣẹ̀ ọba yìí? Rárá o. Ọkàn kò sí níkàáwọ́ ẹ̀dá, ṣùgbọ́n ìwà wà níkàáwọ́ wa.

Àwa tí Ọlọ́hun ṣí ilẹ̀kùn ìkọ̀sílẹ̀ fún ńkọ́? Al-Kùránì ní kí á mú aya dání pẹ̀lú dáadáa, tàbí kí á yọ̀ǹda rẹ̀ pẹ̀lú dáadáa. Ọkùnrin tí kò tọ́jú aya, tí kò sì tú u sílẹ̀, àwáwí rẹ̀ kò tó ti Philip. Kí Ọlọ́hun má ṣe wá ní alábòsí. Àmín.