Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Obìnrin Ìjọ Wọ Ilé Ìsìn Ẹlòmíràn?

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán láàárín wa nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ẹgbẹ́ bá délẹ̀: ibo ni a lè lọ, ibo ni kò sì yẹ kí ẹsẹ̀ wa tẹ̀? Bí a bá dárúkọ Àgbádárìgì, gbogbo wa la ó gbà, nítorí ibẹ̀ ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, tí iṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì fi bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Bí ẹnìkan bá dárúkọ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, ohùn wa á yàtọ̀ síra. Bí ó bá wá dárúkọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, àwọn mìíràn á ní ká tètè máa relé.

Kí a má fi àwọn tí ń bẹ̀rù ṣe yẹ̀yẹ́. Omijé àti ìjà ni àwọn ìyá ìyá wa mìíràn fi kúrò nídìí òrìṣà. Ọlọ́run wa kì í sì í bá ẹnikẹ́ni pín ògo rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo Ìwé Mímọ́. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Áténì (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17), ó rìn káàkiri, ó wo pẹpẹ wọn, títí tó fi rí èyí tí wọ́n mọ fún Ọlọ́run tí wọn kò mọ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀. Bí ó bá ti dijú kọjá, níbo ni ì bá ti bẹ̀rẹ̀? Náámánì pẹ̀lú (2 Àwọn Ọba 5), iṣẹ́ rẹ̀ ló ń mú un bá ọ̀gá rẹ̀ wọ ilé Rímónì. Nígbà tí ó sọ èyí fún Èlíṣà, wòlíì náà kò fi í bú. Ó ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń bọ òrìṣà, ọkàn ni. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé: kí ni a lọ wá níbẹ̀?

Kò dìgbà tí a bá dé Òṣogbo. Ẹ jẹ́ ká wo ilé wa níbí, ní Òṣóòrò. Kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ Ayélála ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé ọkùnrin kan ní Ìlàjẹ gba ìyàwó oníyàwó, ó sì sá lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìjọ́. Kí ogun má bàa ṣẹlẹ̀, àwọn méjèèjì dá májẹ̀mú, wọ́n sì fi ẹrúbìnrin kan rúbọ dípò ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu obìnrin náà kẹ́yìn ni wọ́n fi ń pè é títí dòní.

Àwa obìnrin kò gbọdọ̀ gbọ́ ìtàn yìí ká kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin ló ṣẹ̀, obìnrin tí kò ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀ ló kú. Jésù fi ara rẹ̀ lélẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló bi obìnrin yìí bóyá ó fẹ́? Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn náà dáadáa, kò ní pàdánù ìgbàgbọ́ rẹ̀. Yóò túbọ̀ mọ ohun tí Kálífárì jẹ́, yóò sì bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tó ń ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn nínú ilé tirẹ̀: ọmọ ọ̀dọ̀ ni, àbí opó tí wọ́n ní òun ló pa ọkọ?

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí a ń gbà dé ọ̀dọ̀ Ayélála. Owó sọnù, tàbí ìjà ilẹ̀ dé, arábìnrin wa kan á ní òun yóò fi Ayélála ṣẹ́ èpè. Kì í bá ọkọ̀ ẹgbẹ́ lọ. Ó lè má fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀ rárá. Ó fi owó rán ìbátan ni. Lọ́jọ́ ìsinmi, yóò wọ aṣọ ẹgbẹ́. Arábìnrin kejì lọ síbi ìsoyìgì ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí. Ó bọ́ bàtà, ó borí, ó jókòó jẹ́jẹ́, ó sì padà sílé. Èkejì yìí la máa ń pè kó wá ṣàlàyé. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló bọ òrìṣà?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ń wá ìdájọ́ tó yá. Bí kò bá rí àgbà ìjọ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, yóò wá a níbòmíràn. Láti 1742 ni John Wesley ti ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ ní kíláàsì, kí olórí kíláàsì lè máa mọ bí ọkàn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti rí. Bí kíláàsì tiwa bá jẹ́ ibi ìsanwó nìkan, a kò lè bi arábìnrin wa léèrè ìdí tó fi gbé ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ lọ sóde.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ká gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé, ká wọṣọ tó bo ara, ká má fi ohunkóhun rẹ́rìn-ín. Ká má kúnlẹ̀, ká má tọrọ, ká má sanwó fún ẹni tí yóò woṣẹ́ fún wa. Bí àwọn náà bá sì bá wa wá sí ìsìn òkú tàbí ìgbéyàwó, ká fún wọn ní àga tó dára. Ká lọ ní ọ̀sán, ní ojú gbogbo ènìyàn. Ibi tí a kò bá lè sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ pé a lọ, ká má lọ síbẹ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ojú tí ń ríran àti ọkàn tí kì í pín sí méjì. Àmín.